Ẹ Jẹ́ Ká Kó Àwọn Ọmọ Lọ sí Nicodemus: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ Wa ní Kansas City

Ẹ̀yin Alága wa, Ìyá Ẹgbẹ́, Akọ̀wé, Akápò, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ìrìn-àjò àwọn ọmọ,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú wàhálà. Iṣẹ́ tí kò lówó oṣù nínú lẹ̀ ń ṣe, a kì í sì í dúpẹ́ tó lọ́wọ́ yín. Ẹ má bínú pé gbangba ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ nínú ìpàdé, ẹ̀yin náà rántí. Mo ní dípò ọgbà ìṣeré tí à ń kó àwọn ọmọ lọ lọ́dọọdún, ẹ jẹ́ ká kó wọn lọ sí Nicodemus ní ìparí oṣù July. Ẹnì kan béèrè pé kí ló wà níbẹ̀. Mo ní ìlú kékeré ni, àárín pápá, níhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Kansas wa níbí. Ẹlòmíràn ní, "Ṣé ká wa ọkọ̀ fún wákàtí márùn-ún lọ wo koríko?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, a sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ owó gbọ̀ngàn. Ẹ̀rín yẹn kò burú. Àmọ́ ìbéèrè yẹn ṣì wà nílẹ̀, mo sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ dáadáa, torí àwa nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ yìí kàn nínú àwọn ọmọ Yorùbá tó fi Amẹ́ríkà ṣelé.

A kọ́ la kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà ní Nicodemus. Willianna Hickman, ọ̀kan lára àwọn aláwọ̀ dúdú tó tẹ ìlú náà dó lẹ́yìn òpin oko ẹrú, ti béèrè rẹ̀ lọ́dún 1878. Láti Kentucky lòun àti ọkọ rẹ̀, Àlùfáà Daniel Hickman, ti kó àwọn ọmọ wọn wá. Ọkọ̀ ojú irin gbé wọn dé Ellis, níbi tí àrùn ara sísú ti kọlu àwọn ọmọdé, tí wọ́n sì sin lára wọn síbẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi rìn nínú pápá. Kò sí títì. Ipa ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín ni wọ́n ń tọ̀, àti kòtò tí ẹfọ̀n ti ń yíra nílẹ̀, wọ́n sì ń wo kọ́ńpáàsì kí wọ́n má bàa ṣìnà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn ọkùnrin á dáná ràgàjì, wọ́n á máa yìnbọn kí ẹranko má bàa sún mọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ariwo ta pé, "Nicodemus nìyẹn o!" Obìnrin náà na ọrùn títí, kò rí ilé kankan. Ó ní, "Níbo ni Nicodemus wà? Èmi ò rí i." Ọkọ rẹ̀ nawọ́ sí èéfín tó ń tinú ilẹ̀ yọ níbí, tó ń yọ lọ́hùn-ún, ó ní, "Nicodemus nìyẹn." Abẹ́ ilẹ̀ làwọn èèyàn ń gbé. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ nígbà tó dàgbà pé ẹkún lòun bú sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé wọn dé abẹ́ ilẹ̀ yẹn. Ìkéde òmìnira tí Ààrẹ Lincoln ṣe fún àwọn ẹrú ní 1863 kò kan Kentucky, nítorí pé ìpínlẹ̀ náà kò bá àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó ṣọ̀tẹ̀ nínú ogun abẹ́lé lọ. December 1865, nígbà tí wọ́n tún òfin orílẹ̀-èdè ṣe láti fòpin sí oko ẹrú, ni ọ̀pọ̀ ẹrú tó kù níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́. Ilé aṣòfin Kentucky fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ sí àtúnṣe yẹn títí di 1976. Ẹ ò ṣì í kà o: 1976, nígbà tí wọ́n ti ń palẹ̀ FESTAC mọ́ l'Ékòó. Òmìnira dé, ilẹ̀ kò dé. Ẹni tó ń roko ọ̀gá lánàá ṣì ń roko ọ̀gá lónìí, gbèsè ló kàn rọ́pò pàṣán. Bẹ́ẹ̀, òfin Homestead ti wà nílẹ̀ láti 1862, tó ní ẹni tó bá lè gbé lórí éékà 160 nínú ilẹ̀ ìjọba fún ọdún márùn-ún, tó sì dáko síbẹ̀, òun ló ni ín. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Kansas. (Àwọn kan ti ń dọdẹ lórí rẹ̀ kí ìjọba tó pè é ní tirẹ̀. Màá dé ọ̀dọ̀ wọn láìpẹ́.)

Nínú oṣù April 1877, ọkùnrin méje, mẹ́fà dúdú, ọ̀kan funfun, dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Nicodemus Town Company. Àlùfáà W. H. Smith ni ààrẹ rẹ̀. Ẹni funfun yẹn, W. R. Hill, oníṣòwò ilẹ̀ láti Indiana, ni akápò. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìlérí lọ sáwọn ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ dúdú ní Kentucky. Ìwé ìléwọ́ kan láti ìgbà náà ṣì wà, tó ní aláwọ̀ dúdú tó bá fẹ́ lọ sí Kansas ní ọjọ́ 5 oṣù September 1877 lè lọ fún $5. Àwọn bíi 300 láti agbègbè Georgetown sì gbéra. Nígbà tí wọ́n dé, tí wọ́n rí i pé ìlú tí wọ́n ń ròyìn fún wọn kò sí, inú bí wọn débi pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbẹ̀ títí dòní, ńṣe ni Hill sá pamọ́ kí wọ́n má bàa fi okùn sí i lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ ìdílé kọ̀yìn sí ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Hill yìí kan náà, ẹ gbọ́ o, òun ni wọ́n fi sọ Hill City lórúkọ, olú ìlú káúńtì tí Nicodemus wà. Ilé ayé!

Àwọn tó dúró ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀. Oṣù September ti ń lọ, kò sí ohun tí wọ́n lè gbìn tó máa gbó kí òtútù tó dé. Igi kò sí láti fi kọ́lé. Wọ́n mú ṣọ́bìrì, wọ́n gbẹ́ ara òkè wọlé, wọ́n to igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sórí rẹ̀, wọ́n sì gé ilẹ̀ pápá ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tòun ti koríko àti gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n fi bò ó. Wọ́n gbẹ́ ààrò sára ògiri kan, wọ́n la ojú ihò sókè kí èéfín lè ráyè jáde. Iyàrá kan ṣoṣo, bàbá, ìyá, ọmọ, gbogbo wọn. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ á máa kán sínú ọbẹ̀. Pòròpórò òdòdó sunflower àti ìgbẹ́ ẹran gbígbẹ ni wọ́n fi ń dáná. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Emma Williams bí Henry ọmọ rẹ̀ sí, ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ní Nicodemus. Ẹ rò ó wò, pẹ̀lú oyún ló fi rin ìrìn láti Ellis.

Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo wọn tán. Ìtàn tí àwọn àgbà wọn fi sílẹ̀ ni pé àwọn Osage, ọmọ onílẹ̀, tó ń ti oko ọdẹ bọ̀, ló fún wọn lẹ́ran jẹ. Àwọn tí ìjọba lé kúrò lórí ilẹ̀ ló bọ́ àwọn tí ìjọba fún nílẹ̀. Bí ọmọ mi bá bi mí léèrè ẹni tó ni Kansas, mi ò ní ìdáhùn tó rọrùn fún un. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kó ti bi mí.

Ọdún yípo, wọ́n sì fi ọkọ́ àti ṣọ́bìrì dá ilẹ̀ náà, nítorí ẹṣin wọn kò tó nǹkan. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbìyànjú láti gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sẹ́yìnkùlé yín níbí mọ irú ilẹ̀ tí mò ń sọ. Díẹ̀díẹ̀, àlìkámà àti àgbàdo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ilé òkúta sì ń yọrí lókè ilẹ̀. Zachary Fletcher, tó jẹ́ akọ̀wé ilé-iṣẹ́ náà, ṣí òtẹ́ẹ̀lì, ó ṣí ibùdó ẹṣin. Jenny ìyàwó rẹ̀, ọmọ Àlùfáà Smith, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ ọmọ níwèé níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1887, ìwé ìròyìn méjì ni ìlú yìí ní, Western Cyclone àti Nicodemus Enterprise, wọ́n ní báǹkì, wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù baseball. Ìwé ìròyìn méjì fún ọgọ́rùn-ún mélòó kan èèyàn! Mo mọ àwọn ìlú ńlá tí kò ní ọ̀kan lónìí.

Ẹni tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa tó ń ka ìṣèlú ní yunifásítì mọ̀ dáadáa ni Edward McCabe. Ọmọ New York ni, ó ti ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Chicago kó tó wá sí Nicodemus ní 1878. Nígbà tí wọ́n ṣètò ìjọba Graham County, káúńtì tí Nicodemus wà, ní 1880, òun ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé káúńtì fún ìgbà díẹ̀. Ní 1882, gbogbo Kansas dìbò fún un láti di Ọ́dítọ̀ ìpínlẹ̀, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sípò gbogbogbòò ní ìpínlẹ̀ yìí. Ọdún 1882, nínú ìpínlẹ̀ tí aláwọ̀ funfun ti pọ̀ jù lọ fíìfíì! Wọ́n tún yàn án lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ló kọjá sí Oklahoma, tó wà lára àwọn tó dá ìlú Langston sílẹ̀. Mo máa ń rò ó pé ká ní ó dúró ní Nicodemus ni, bóyá rélùwéè ì bá gba ibẹ̀ kọjá, àmọ́ ìyẹn èrò tèmi ni.

Torí rélùwéè ló pa ìlú yẹn lára. Wọ́n gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ Missouri Pacific fẹ́ la ojú irin wá sọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì dìbò pé àwọn á wá $16,000 fún un. Owó ńlá nígbà náà, fún àwọn tó ń jẹ àgbàdo lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn. Missouri Pacific kò wá. Union Pacific ló wá ní 1888, ó sì gba ìhà kejì odò Solomon kọjá. Ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pàgọ́ sí di ìlú, wọ́n pè é ní Bogue, kò ju máìlì mélòó kan sí Nicodemus. Ẹ̀yin oníṣòwò inú yín mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ọlọ́jà kì í dúró níbi tí ọkọ̀ kì í ti í dúró. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù kó lọ, àwọn kan tiẹ̀ tú ilé, wọ́n gbé e kọjá odò.

Ìyókù kò gùn láti sọ. Ọ̀dá òjò àti ọ̀dá owó pàdé ní ọdún 1930 sókè, ìjì eruku gbé ilẹ̀ oko lọ, àwọn ọ̀dọ́ sì tẹ̀lé iṣẹ́ lọ sí Denver, Topeka àti California. Wọ́n ti pósófíìsì pa ní 1953, wọ́n sì ti ilé-ìwé lẹ́yìn ìgbà náà. Ìkànìyàn 2020 ka èèyàn 14 níbẹ̀.

Mẹ́rìnlá. Mo mọ̀ pé ẹni tó béèrè lọ́wọ́ mi nínú ìpàdé máa sọ pé òun ti wí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìlú tó ní èèyàn mẹ́rìnlá yìí. Àwọn ọmọ ibẹ̀ tó tú ká kò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ parẹ́. Ní 1976, wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ibi ìtàn pàtàkì orílẹ̀-èdè. Ní 1988, Angela Bates àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn ìlú sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Washington, wọ́n ń kan ìlẹ̀kùn. Ní November 1996, Nicodemus di ọ̀kan nínú àwọn ibi tí National Park Service, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú ọgbà àti ibi ìtàn orílẹ̀-èdè, ń mójú tó. Ilé márùn-ún ló wà nínú rẹ̀: òtẹ́ẹ̀lì St. Francis tí Fletcher bẹ̀rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì A.M.E. (African Methodist Episcopal), ṣọ́ọ̀ṣì First Baptist tí wọ́n kọ́ ní 1907, ilé-ìwé tí wọ́n kọ́ ní 1918, àti gbọ̀ngàn ìlú tí wọ́n fi òkúta ẹfun kọ́ ní 1939, nígbà tí ìjọba Roosevelt ń wá iṣẹ́ fún àwọn tí kò níṣẹ́. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ògiri yẹn, ẹ ó rí i pé òkúta náà kò dán, ipa irin tí wọ́n fi gé e ṣì hàn lára rẹ̀.

Nínú gbogbo rẹ̀, àjọ̀dún wọn ló jọ mí lójú jù. Láti 1878 ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọjọ́ kìíní oṣù August ni wọ́n ń rántí, ọjọ́ tí òfin Gẹ̀ẹ́sì tó fòpin sí oko ẹrú ní àwọn erékùṣù Caribbean bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1834. Àwọn ọmọ wa mọ Juneteenth, ọjọ́ tí wọ́n fi ń rántí òpin oko ẹrú ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ìjọba ti fi ṣe ọjọ́ ìsinmi láti 2021. Ta ló sọ fún wọn pé àwọn àgbẹ̀ kan láàárín pápá Kansas ń yọ̀ fún òmìnira àwọn ará Jamaica àti Barbados tí wọn ò rí rí? Ní ìparí ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn nínú July báyìí, àwọn ọmọ ọmọ wọn máa ń ti gbogbo Amẹ́ríkà wálé. Ìtò kan máa ń gba ojú pópó kọjá, oúnjẹ máa ń pọ̀, wọ́n á jọ́sìn lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹnì kan á sì máa bi ẹnì kejì pé ọmọ ta ni ọ́. Ẹni tó bá ti lọ sí ọjọ́ ìlú ní Èkìtì tàbí Ìjẹ̀bú rí kò nílò kí n ṣàlàyé síwájú sí i. Ìlú tó ní èèyàn mẹ́rìnlá máa ń ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn nígbà yẹn, gbogbo wọn ló sì mọ ẹ̀ka tí wọ́n ti wá.

Ẹ má sì rò pé ilé àtijọ́ nìkan ló kù. Àwọn ìdílé kan ṣì di ilẹ̀ mú, wọ́n ṣì ń gbin àlìkámà sí i. Èyí kò rọrùn. Ní 1999, ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn nínú ẹjọ́ tí àwọn àgbẹ̀ dúdú Amẹ́ríkà pe Ẹ̀ka Iṣẹ́ Ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀, nítorí owó ìyáni tí wọ́n ní wọ́n fi àwọ̀ dù wọ́n. Àgbẹ̀ tí wọn ò bá yá lówó lákòókò ìgbìn, ilẹ̀ rẹ̀ ló máa bá a lọ. Kí ilẹ̀ tó ti 1877 wá ṣì wà lọ́wọ́ ìdílé kan lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ wa lọ bá irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Àti fún àwọn ọmọkùnrin tó jẹ́ pé football nìkan ló lè mú wọn jí: Nicodemus ni wọ́n bí Veryl Switzer sí ní 1932. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Kansas State, Green Bay Packers sì mú un ṣìkẹrin nínú gbogbo àwọn tí wọ́n yàn ní 1954.

Ẹ̀yin àgbà wa, ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mo ní láti sọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara dà á. Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, mo máa ń gbọ́ tí àwọn òbí ń sọ níwájú ọmọ pé, "Àwa ò dà bí àwọn akátá." Wọ́n á ní àwa wá kàwé ni, àwa mọ ilé tí a ti wá. Ọmọ ń gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì, yóò lọ sí ilé-ìwé, ọlọ́pàá tó bá dá a dúró lójú ọ̀nà kò sì ní béèrè bóyá Ọ̀ṣogbo ni bàbá rẹ̀ ti wá. Òfin ìwọ̀lú tọdún 1965, tó ṣílẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ nínú wa tàbí àwọn tó ṣáájú wa, ọdún kan lẹ́yìn òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ló jáde, ìjà táwọn èèyàn yìí jà sì wà lára ohun tó la ọ̀nà fún un. Àwọn tí à ń fi ẹnu tẹ́ḿbẹ́lú ló gbẹ́ ilẹ̀ tí a dúró lé. Mi ò sọ pé àwa ló burú jù. Àwọn náà ní orúkọ tí wọ́n ń pè wá. Àmọ́ àwa la dé bá wọn, àlejò ló sì ń kọ́kọ́ kí onílé.

Nítorí náà, ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Ẹ jẹ́ ká gba bọ́ọ̀sì méjì fún ìparí ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn nínú July. Ó ju 300 máìlì lọ díẹ̀ láti ibí. A ó gba I-70 lọ sí ìwọ̀-oòrùn, a ó dúró díẹ̀ ní Ellis, kí àwọn ọmọ rí ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti já àwọn ará Kentucky sílẹ̀, kí wọ́n sì fojú wọn ọ̀nà tí wọ́n tọ̀ láti ibẹ̀. Hays ni ká ti sùn, torí òtẹ́ẹ̀lì Fletcher kò gba àlejò mọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ̀wé sí ẹgbẹ́ ìtàn ìlú náà ṣáájú, ká bèèrè bóyá wọ́n ń fẹ́ wa ní ọjọ́ wọn yẹn, kí a má kàn já lù wọ́n pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún èèyàn. Bí wọ́n bá ní kí a wá ní ọjọ́ mìíràn, ẹ jẹ́ ká gbà.

Bí a bá dé ibẹ̀, a kì í ṣe olóde ijó. Ẹ jọ̀wọ́, kò sí gbohùngbohùn, kò sí owó níná, kò sí aṣọ ẹbí àfi tí àwọn bá ní kí a wá bẹ́ẹ̀. Kí àwọn ọmọ kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà wọn bí wọ́n ṣe ń kí wa nílé. Bí ó bá yà wọ́n lẹ́nu, a ó ṣàlàyé. Ká ra oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn tó bá ń tà níbẹ̀, ká sì fi owó tí à bá ná sí tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà ìṣeré sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìtọ́jú ìtàn wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya fọ́tò ilé onílé láìgba àṣẹ; èèyàn ń gbé inú wọn.

Ní ti ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé ó máa sú àwọn ọmọ, ẹ fi àwọn ọ̀dọ́ ṣe ìgbìmọ̀ tiwọn. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní ìdílé kan láti wá ìtàn rẹ̀ kí a tó lọ: Fletcher, Hickman, Williams, McCabe. Kí wọ́n sọ ọ́ fún wa nínú bọ́ọ̀sì, ní Yorùbá tí wọ́n bá lè ṣe é, ní Gẹ̀ẹ́sì bí kò bá ṣeé ṣe. Wákàtí márùn-ún yẹn á tó wọn lò.

Akọ̀wé wa, ẹ bá mi fi í sínú ọ̀rọ̀ ìpàdé tó ń bọ̀, kí a dìbò lé e. Akápò wa, mo ti bèèrè iye bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ méjì, màá fi ìwé náà ránṣẹ́ sí yín lọ́tọ̀. Ẹ má sì gbàgbé láti fi omi púpọ̀ sínú ìṣirò owó náà. Oòrùn July ní ìhà ibẹ̀ kì í ṣe eré, ilé epo sì jìnnà síra wọn lẹ́yìn tí a bá ti kúrò lórí I-70.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ yín